Ibi Tí Igi Náà Fì Sí

Àlá kan ni mo lá lọ́sàn-án àná, lórí àga ọlọ́wọ́ mi. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó fà á.

Ìbíyẹmí ọmọ mi gbé kọ̀ǹpútà kan sí igun pálọ̀. Ó ní gbogbo nǹkan ìdílé wà nínú rẹ̀, títí kan ohùn ìyá òun, tí òun gbà sílẹ̀ ní ọdún tó ṣáájú ikú rẹ̀. Ó gbé kékeré kan síwájú mi nínú yàrá. Ó ní láti inú èyí, mo lè dé inú ti pálọ̀, bí mo bá sáà ti kọ àdírẹ́sì rẹ̀ bó ṣe yẹ. Nígbà tó ń lọ síbi iṣẹ́, ó pè é fún mi láti ẹnu ọ̀nà, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀.

"Bàbá, s, m, b. Àmì ìdánudúró méjì, kí ọ̀kan gun èkejì. Igi méjì. Ile. Igi kan. Mama. Ẹ má fi àmì ohùn kankan sí i o, mo mọ̀ yín."

"Mo gbọ́."

Igi tó ń wí, ìlà tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni. Kò sọ ẹ̀gbẹ́ tó fì sí. Èmi náà ò béèrè. Ìgbà mẹ́rin ni mo tẹ̀ ẹ́. Ìgbà mẹ́rin ni ẹ̀rọ ní òun ò mọ ibẹ̀. Ọdún mẹ́rin sì ni mi ò ti gbọ́ ohùn ìyá Ìbíyẹmí. Mo pa ojú dé.

Mo bá ara mi níwájú ilẹ̀kùn kan láàárín odò Yewa. Kò sí ilé lẹ́yìn ilẹ̀kùn náà. Omi ò sì rin mí lẹ́sẹ̀. Mo kan ilẹ̀kùn.

"Ta ni?" ni ilẹ̀kùn wí.

"Èmi ni. Ìyàwó mi wà nínú ilé."

"Mo mọ̀. Báwo lẹ ṣe kọ mí?"

Mo fi ìwé ọwọ́ mi hàn án. Ó fi ihò kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wò ó.

"Bàbá, ọwọ́ ìkọ̀wé yín dára. Ṣùgbọ́n gbogbo èèyàn ló ń kọ mí bó ṣe wù ú. Òmíràn fi s-m-b ṣáájú. Òmíràn fi c-i-f-s, orúkọ àtijọ́. Òmíràn ò fi nǹkan kan ṣáájú, ó kàn na igi méjì sí mi lójú. Mi ò mọ ẹni tí mo máa dá lóhùn mọ́. Ẹ lọ bá Ìgbìmọ̀ Àdírẹ́sì Kan Ṣoṣo. Èyí tí wọ́n bá fẹnu kò lé lórí ni màá ṣí fún."

Lẹ́yìn ilẹ̀kùn náà, ẹnìkan wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo mọ ikọ́ náà. Bí ìyá Ìbíyẹmí bá fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ gidi, ó máa ń kọ́kọ́ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Mo ní, "Mò ń bọ̀."

Ọ́fíìsì ìgbìmọ̀ ń léfòó lókè odò. Wọ́n fi okùn ìsáṣọ so ó mọ́ igi àgbọn kan, kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ. Mo gun okùn náà. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni mí. Kò ni mí lára. Nígbà tí mo wọlé, Alága ń bá Akọ̀wé jà.

"Ọ̀tún ni igi máa fì sí!" ni Alága wí.

"Òsì!" ni Akọ̀wé wí. "Òsì la bá a."

"Àbí òsì ni bàbá rẹ fi ń jẹun?"

"Ó kúkú rí i jẹ. Bàbá tiyín ńkọ́?"

Ọdún mẹ́tàlélógún ni wọ́n ti wà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Irùngbọ̀n Alága ti gùn dé orí tábìlì.

"Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n," ni tábìlì rọra sọ fún mi. "Ẹsẹ̀ ń ro mí."

Alága rí mi. "Bàbá, kí ni tiyín?"

"Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ní Yorùbá. Mo mọ igi tó fì."

"Ẹ wí."

"Èyí tó fì sọ́tùn-ún lórí ọ̀rọ̀, mí ni. Èyí tó fì sósì, dò ni. Ọmọ tó fẹ́ kọ ọkọ́, tó jẹ́ kí igi orí rẹ̀ fì sósì, ọkọ̀ ló kọ. Kò sì sẹ́ni tó lè fi ọkọ̀ kọ ebè. Ẹ mú èyí tó wù yín, ṣùgbọ́n ọ̀kan ni kẹ́ ẹ mú. Ìyàwó mi ń dúró."

Alága ní kí àwọn dìbò. Bó ṣe la ẹnu báyìí, ó di òbúkọ. Akọ̀wé náà di òbúkọ. Àwọn mẹ́fà yòókù di ewúrẹ́. Ọ̀kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ìwé ìpàdé. Kò yà mí lẹ́nu. Mo ti jókòó nínú ìgbìmọ̀ rí.

"Kí la máa ṣe báyìí?" ni tábìlì wí.

"Ìbò ṣì ni ìbò." Mo gbóhùn sókè. "Ẹni tó bá fara mọ́ òsì, kó ké ní dò. Ẹni tó bá fara mọ́ ọ̀tún, kó ké ní mí."

Gbogbo wọn ní, "Mẹ́ẹ́ẹ́!"

Mo dúró de dò. Kò sí. Akọ̀wé pàápàá ké ní mí. Ojú tì í, ó wolẹ̀. Ní ti ohun tó máa ṣáájú, ewúrẹ́ tó ń jẹ ìwé ti jẹ c-i-f-s kúrò. S-m-b nìkan ló ṣẹ́ kù. Tábìlì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọ́fíìsì sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀ síwájú ilẹ̀kùn.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá," ni ilẹ̀kùn wí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Mo gbọ́ ikọ́ kìíní. Mo ń retí èkejì.

"Mẹ́ẹ́ẹ́!"

Mo lajú. Ewúrẹ́ Pa Ọ̀ṣínowò tí ilé wọn kángun sí tiwa ló ki orí bọ ojú fèrèsé mi. Ó tún ké. Mo fetí sí i dáadáa. Mí ni.

Mo wo ìwé tó wà lórí itan mi. Igi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òsì ni mo jẹ́ kí wọ́n fì sí. Dò, dò, dò. Ohun tí mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n na ọmọ ọlọ́mọ lé lórí.

Mo tún un tẹ̀, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn: smb://ile/mama. Fáìlì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́.

Ewúrẹ́ fẹ́ ké. Mo ní kó dákẹ́. Ó dákẹ́.

Nínú ẹ̀rọ náà, ẹnìkan wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì.