Ìlù Orí Tìmùtìmù

Nínú ẹgbẹ́ onílù wa, èmi ni mo ń lu ìlù ńlá. Bí gbogbo wa bá pé, ó máa ń dùn bí oyin. Ṣùgbọ́n bí mo bá dá nìkan wà nílé, gbì kan, màá dúró. Gbì méjì, màá tún dúró. Ó dà bí ẹni tó ń kí ilé tí kò sẹ́ni nínú rẹ̀. Orí tìmùtìmù ni mo tiẹ̀ ń lù dípò ìlù, kí ariwo má baà pọ̀, nítorí pátákó lásán ló pààlà sáàárín èmi àti aládùúgbò mi.

Lọ́jọ́ kan, ó sú mi. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ọwọ́ kan ṣoṣo, kí ló fẹ́ sọ? Mo ju ọ̀pá ìlù sábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mo gbájú mọ́ ṣòkòtò oníbàárà.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Bàbá yàrá kejì ni, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lágbára mọ́ láti ìgbà tó ti ṣàìsàn. Ó fi ọwọ́ kan ti ògiri, ó fi ìkejì di ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ mú, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Kó tó lanu ni mo ti ń bẹ̀ ẹ́.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Mo ti ṣíwọ́ ariwo yẹn."

"Ta ló ní kó o ṣíwọ́?" Ó jágbe mọ́ mi. "Gbì kan, màá sún ọ̀pá ìtilẹ̀ mi síwájú. Gbì méjì, màá gbé ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ̀ lé e. Bí mo ṣe ń kọ́ ìrìn nìyẹn! Látìgbà tó o ti dákẹ́, orí ibùsùn ni mo wà."

Ojú tì mí. Mo fa àga fún un.

"Bàbá, ẹ jókòó sinmi ná."

"Ìjókòó kẹ̀? Lù ú, kí n lè rìn padà sílé."