Afárá Tí Ọnọ́rébù Ṣí Lójú Oorun

Iṣẹ́ ìròyìn kíkà yìí ti ń rí mi lára. Bí mo ṣe fẹ́ wọ yàrá rédíò lọ ka ìròyìn ọ̀sán, ọ̀gá wa na ìwé kan sí mi: “Ọnọ́rébù ṣí afárá tuntun láàárọ̀ yìí. Àwọn ará ìlú tú jáde, wọ́n ń jó, wọ́n ń yọ̀.”

Mo yọjú wo ọ́fíìsì ọ̀gá. Ọnọ́rébù ọ̀hún, tó wá kí ọ̀gá láàárọ̀, rèé lórí àga gígùn, ó nà gbalaja, ó ń hanrun, itọ́ ń ṣàn sí i láyà.

“Ọ̀gá, Ọnọ́rébù gan-an ló sùn síbẹ̀ yẹn! Wọn ò tíì jáde níbí látàárọ̀.”

“Àná ni àwọn ọmọọṣẹ́ wọn ti kọ ìròyìn yẹn ránṣẹ́. Kà á jàre, àbí iṣẹ́ ti sú ẹ?”

Mo kà á. Ohùn mi ń dùn bí oyin.

Nígbà tí mo jáde, Ọnọ́rébù ti jí, ó tẹ́tí sí rédíò. Ó bi mí pé, “Àbúrò, ṣé lóòótọ́ lèrò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀?”

Kí n tó lanu, ọ̀gá mi ti dáhùn: “Háà, ẹsẹ̀ ò gbèrò, sà!”

“Mo mọ̀ pé wọ́n fẹ́ràn mi,” ni Ọnọ́rébù wí, ló bá yí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó tún sùn lọ.