Wọ́n Ń Wo Èjìká Lẹ́nu Afárá

Láti kékeré ni ẹsẹ̀ òsì Télọ̀ ti rọ, ìyẹn ni kò sì jẹ́ kó ru ẹrù rí láyé ẹ̀. Ará odò ni, tìyá tibàbá. Àmọ́ nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń ru pákó ní èbúté, òun jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ń rán kakí ọlọ́pàá. Ọmọ ará òkè ló sì fẹ́.

Nígbà kan, kò sẹ́ni tó ń bi ẹnìkejì bóyá òkè ló ti wá tàbí odò. Ọjà kan náà ni wọ́n jọ ń ná, wọ́n sì ń fẹ́ra wọn níyàwó. Òyìnbó ló dé tó ní ará òkè lọ́gbọ́n lórí, kí wọ́n máa ṣe ọlọ́pàá àti akọ̀wé. Ó ní ará odò lágbára bíi màlúù, kí wọ́n máa ru ẹrù. Ó fi ẹgba lé àwọn kan lọ́wọ́, ó ní kí àwọn yòókù dojú bolẹ̀. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Kò tíì pẹ́ tí òyìnbó kẹ́rù ẹ̀ sọ́kọ̀ ojú omi tí àwọn ọ̀dọ́ ará odò fi yọ àdá.

Láàárọ̀ tí wọ́n dáná sun ilé ẹjọ́, ìyàwó Télọ̀ sáré di ẹrù.

"Baálé mi, ẹ dìde. Tí a bá dúró síbí, wọ́n á pa bàbá mi."

Akódà kóòtù ni bàbá ẹ̀ nígbà ayé òyìnbó, kò sì sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n ládùúgbò. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá mú ọ̀nà afárá pọ̀n, bóyá wọ́n á ráyè bọ́ sí òdìkejì.

Àwọn ọ̀dọ́ ti fi táyà àti bẹ́ǹṣì dí ẹnu afárá. Wọ́n ní kí gbogbo ọkùnrin máa bọ́ èwù. Aláàárù èbúté a máa ní kókó líle léjìká, níbi tí pákó máa ń jókòó sí. Ẹni tó bá ní in, ó kọjá. Ẹni tí èjìká ẹ̀ bá ń dán, ará òkè nìyẹn, wọ́n á wọ́ ọ lọ sẹ́yìn ilé ẹ̀ṣọ́. Kò sẹ́ni tó ń ti ibẹ̀ bọ̀.

Télọ̀ ki ọwọ́ bọ abẹ́ èwù, ó fọwọ́ kan èjìká ara ẹ̀. Ó jọ̀lọ̀ bíi ti ọmọ tuntun. Ó bojú wẹ̀yìn, èrò ti dí ọ̀nà pa.

"Wọ́n á pa mí," ló sọ sí ìyàwó ẹ̀ létí.

"Ẹ sọ èdè yín sí wọn. Ẹ̀yin lẹ ṣáà lèdè."

Wọ́n dé iwájú. Olórí àwọn ọ̀dọ́ náà, ọmọkùnrin kan tí ojú ẹ̀ pọ́n bí ata, na àdá sí àna Télọ̀. Bàbá bọ́ èwù. Láti ọjọ́ tí Télọ̀ ti fẹ́ ọmọ ẹ̀, kò rí bàbá yìí láìwọ èwù rí. Kókó kan wà léjìká ọ̀tún, ó dúdú, ó le bí èkùrọ́.

"Ẹ kọjá, Bàbá."

Wọn kì í yẹ obìnrin wò. Ó wá ku Télọ̀. Bó ṣe bọ́ èwù báyìí, ariwo ta.

"Ẹ wò ó! Ó ń dán bí àwo!"

"Sọ̀rọ̀! Tó o bá jẹ́ tiwa, fọ èdè wa ká gbọ́!"

Télọ̀ la ẹnu. Èdè tí ìyá ẹ̀ fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, ó wá a títí, kò rí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan mú níbẹ̀. Ìtọ̀ gbígbóná ń ṣàn lẹ́sẹ̀ ẹ̀.

"Akọ̀wé wọn ni! Ẹ gbé e lọ!"

Bàbá ti bọ́ lọ́wọ́ wọn. Kò sí ohun tó ní kó má máa lọ. Ó yí padà.

"Ẹ dúró. Tiyín lẹ mú yẹn, ẹ wá fi ará òkè sílẹ̀. Èmi ni ará òkè."

Olórí wọn na àdá sí èjìká ẹ̀.

"Kókó yẹn ńkọ́?"

"Àga òyìnbó ni. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dé, wọn ò tíì mọ òkè yàtọ̀ sí odò. Gbogbo wa la jọ ń gbé wọn léjìká wọgbó. Mo gbé ọ̀tún, ará odò kan gbé òsì, ẹ̀jẹ̀ ń dà lára àwa méjèèjì. Ìgbà tó yá ni wọ́n fún èmi ní kakí, wọ́n fún òun ní ìyà."

Olórí wọn wo bàbá, ó wo Télọ̀. Ìgbà yẹn ni ìyàwó Télọ̀ ki èdè odò mọ́lẹ̀, ó ń fọ̀ ọ́ bí ẹni tí wọ́n bí sínú ọkọ̀ ẹja:

"Ṣé ẹ ò rí ẹsẹ̀ ẹ̀ ni? Ta ló máa gbé pákó lé arọ léjìká? Àbí ojú yín wà nípàkọ́?"

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín. "Ẹnu ìyá yìí, ti odò pátápátá ni!"

Kò sẹ́ni tó bi í níbi tí wọ́n ti bí i.

"Ẹ máa lọ," olórí wọn sọ, ojú ẹ̀ ò kúrò lára kókó èjìká bàbá. "Ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ lọ kí n tó pèrò dà."

Wọ́n lọ. Télọ̀ fẹ́ sáré, ẹsẹ̀ kọ̀. Ó gbọ́ ohùn ẹni tó tẹ̀ lé e lórí ìlà: "Ẹ jọ̀ọ́, tíṣà ni mí. Ẹ jọ̀ọ́, tíṣà lásán ni mí." Kò bojú wẹ̀yìn. Ohùn náà dákẹ́, kò sì lè dúpẹ́ pé kì í ṣe òun.

Lódìkejì, àwọn sójà ìjọba tuntun wà lórí pápá ilé ìwé kan.

"Ará òkè lọ́wọ́ ọ̀tún, ará odò lọ́wọ́ òsì!" ni wọ́n ń pariwo. "Kí ìjà má bàa bẹ́!"

Ìyàwó Télọ̀ di bẹ́líìtì ọkọ ẹ̀ mú.

"Ẹ yà síbi kan!" sójà kan jágbe mọ́ wọn.

Wọn ò yà. Wọ́n dúró láàárín, èrò ẹ̀yìn ń ṣépè fún wọn, títí tó fi rẹ sójà náà, tó nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ṣáláńgá. Ibẹ̀ ni wọ́n jókòó sí. Tí Télọ̀ bá ń sùn, ìyàwó ẹ̀ á máa ṣọ́ ọ. Tí ìyàwó bá ń sùn, òun náà á máa ṣọ́ ọ. Bàbá ní tiẹ̀ kò sùn.