Ìwọ̀n Apá Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́

"Tú bẹ́líìtì yẹn, ọ̀gbẹ́ni. Mí síta. Má fa ikùn wọlé mọ́ mi lọ́wọ́."

Olùṣọ́ ilé iṣẹ́ náà mí síta, ikùn rẹ̀ sì já bọ́ sórí téèpù. Ìyá Abẹ́rẹ́ ka iye tó rí fún nọ́ọ̀sì tó jókòó ti òṣùwọ̀n.

"Oúnjẹ àná ló wà níbẹ̀ o," ni olùṣọ́ wí.

"Àná èwo? Àná èṣín?"

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín.

Olórí aránṣọ ilé iṣẹ́ náà ni Ìyá Abẹ́rẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ mọ ara wọ̀n, ìdí nìyẹn tí nọ́ọ̀sì fi ní kó wá ran òun lọ́wọ́ lọ́jọ́ àyẹ̀wò ìlera. Láàárọ̀, ó ń fi àyè díẹ̀ kún iye tó bá wọ̀n, bí aránṣọ ti í ṣe kí aṣọ má baà há. Nọ́ọ̀sì ní, "Ìyá, a ò ní rán wọn. A kàn ń wọ̀n wọ́n ni." Ó sì jáwọ́.

"Ó kàn mí, Àǹtí mi."

Àbúrò rẹ̀ ni, ọmọ ìyá rẹ̀, tó ń di ẹrù nínú ilé iṣẹ́ kan náà. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Láti kékeré ló ti ń jẹ ohun tó wù ú láìsanra. Ìyá Abẹ́rẹ́ ti fi ṣúgà sílẹ̀ ní tirẹ̀, ó ń jẹ ewébẹ̀ bí ewúrẹ́, síbẹ̀ nígbà tó gun òṣùwọ̀n láàárọ̀, kò rí ohun tó dín.

"Ọmọ ìyá kan náà?" ni olùṣọ́ wí. "Àbí ẹ̀yin lẹ jẹ ìpín tirẹ̀ mọ́ tiyín?"

"Ìpín tìẹ ni mo jẹ. Jáde."

Ó wé téèpù mọ́ ìbàdí àbúrò rẹ̀. Ó jowú rẹ̀. Ó wá wé e mọ́ apá. Egungun ni ọwọ́ rẹ̀ bà. Ó rántí pé ẹ̀ẹ̀mejì ni òun ti dín ìbàdí síkẹ́ẹ̀tì ọmọ yìí kù láìpẹ́; fáàrí ni òun pè é.

"Kí lo jẹ lónìí?" ló bi í wúyẹ́wúyẹ́.

"Tíì. Oúnjẹ kì í wọlé mọ́, Àǹtí mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àyè díẹ̀ kún un. Bí wọ́n bá mọ̀, wọn ò ní jẹ́ kí n gbẹ́rù mọ́."

Ìyá Abẹ́rẹ́ wo iye tó wà lórí téèpù. Bó bá sọ òótọ́, ìyá wọn á palẹ̀ ẹrù mọ́ kíá, á wá máa bu oúnjẹ sí ọmọ yìí lẹ́nu. Nígbà tí òun kán lẹ́sẹ̀, ìkíni lásán ni ìyá náà fi rán ènìyàn. Àyè ìka méjì péré. Ta ni yóò mọ̀? Kí oníkálukú máa gbé ẹrù tirẹ̀.

Ó tún fọwọ́ kan egungun náà. Ó wá ka iye gan-an sókè.

Nọ́ọ̀sì gbójú sókè. "Ẹ tún un kà."

Ó tún un kà.

"Ẹ ti tà mí, Àǹtí mi," ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wí, bí nọ́ọ̀sì ti ń mú un wọ yàrá inú lọ.

Ìyá Abẹ́rẹ́ pe ìyá wọn lórí fóònù. "Màmá, ẹ máa bọ̀. Ara ọmọ yín ò yá."

"Ọmọ mi! Mo ń bọ̀ o! Ọmọ mi!"

Ó di fóònù náà mú sétí, bóyá ìyá rẹ̀ á béèrè pé, "Ìwọ ńkọ́?" Ìyá náà ti pa tirẹ̀.

Ó wọn ènìyàn méjì tó kù, ó kọ iye wọn sílẹ̀ fún nọ́ọ̀sì, ó ká téèpù, ó gbé báàgì rẹ̀, ó sì jáde.