Ìwé Orúkọ Tó Ṣófo

Bọ́sẹ̀, mo lá àlá kan mọ́jú òní, ara mi ò tíì balẹ̀. O rántí páákéèjì, ìyẹn àkójọ fáìlì tó ń gbé ètò sórí kọ̀ǹpútà, tí mo ṣe fún àwọn kọ̀ǹpútà Linux ibi iṣẹ́ wa, ti ètò DNS tó ń bá wọn wá àdírẹ́sì orúkọ kọ̀ọ̀kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì? Lójú àlá, ó di páálí tí mo gbé lọ fún bàbá tó ń ṣọ́ géètì àdúgbò wa. Ìwé ńlá tí orúkọ gbogbo wa wà nínú rẹ̀ wà lórí itan wọn. Bí mo ṣe ṣí páálí, ìwé tuntun inú rẹ̀ rọ́pò ti orí itan wọn. Òfìfo ni.

Ni màmá mi bá gbé abọ́ oúnjẹ dé.

"Ẹ jọ̀ọ́, ilé Fọlákẹ́ ọmọ mi ni mò ń lọ."

"Kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀."

"Èmi ni mo bí i."

"Mo gbọ́ yín, Màmá. Inú ìwé ni mi ò ti rí i."

Ẹ̀gbẹ́ wọn ni mo dúró sí, mò ń pariwo, wọn ò gbọ́. Màmá gbé abọ́ sílẹ̀, wọ́n sì ń bá abọ́ náà sọ̀rọ̀ bí ẹni pé èmi ni.

Ẹkún ni mo fi jí. Ojú tì mí, ẹ̀rù sì bà mí. Mi ò mọ̀ bóyá ó nítumọ̀, ṣùgbọ́n mo lọ wo páákéèjì náà. Mo gbàgbé ìlà tó yẹ kó pa fáìlì orúkọ àtijọ́ mọ́ kí òfìfo tuntun má bàa rọ́pò rẹ̀, àná ni mo sì ti fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹ̀ka. Oṣù yìí ni wọ́n máa pinnu bóyá wọ́n á gbà mí síṣẹ́ pátápátá. Mo kọ ímeèlì sí ọ̀gá láti jẹ́wọ́. Kò lọ. Kọ̀ǹpútà ní òun ò rí ibì kankan tó ń jẹ́ orúkọ ilé-iṣẹ́ wa.