Akọ Ni Àbẹ̀kẹ́

Ọdún 1994 tí àwọn olùkọ́ yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀, iṣẹ́ tó kù fún Pùròfẹ́sọ̀ Ayẹni nílé wọn ní Bódìjà ò ju kí wọ́n máa kẹ́ ejò lọ. Òjòlá ni. Inú àpótí onígíláàsì ló ń gbé ní pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Àbẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń pè é.

Ibẹ̀ ni Fúnlọ́lá, ọmọ wọn, mú Rótìmí lọ kó lè fi hàn wọ́n pé ẹni tóun fẹ́ fẹ́ nìyí. Epo ò sí, ẹsẹ̀ ni Rótìmí fi rìn wá láti Agbowó, ó làágùn bí ẹní wẹ̀. Ìgbà tí bàbá gbọ́ pé ìmọ̀ ẹranko ló ń kà, ara wọn yá.

"Ó dáa. Wá bá mi yẹ Àbẹ̀kẹ́ wò. Mo fẹ́ fún un lọ́kọ. Ọ̀rẹ́ mi kan ní akọ l'Ónírèké."

Rótìmí gbé ejò, ó dojú ikùn ẹ̀ sókè, ó wo ìdí ẹ̀. Òjòlá máa ń ní èékánná kékeré méjì lẹ́bàá ihò ìdí. Ti abo kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn. Ti Àbẹ̀kẹ́ gùn bíi ti ẹni tí ò rí réésà rí láyé ẹ̀. Ìrù ẹ̀ náà sì ki.

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Rótìmí. "Dádì, ọkọ kẹ̀? Bọ̀ọ̀dá ni Àbẹ̀kẹ́ o. Ìyàwó ni kẹ́ ẹ bá a wá."

Òun nìkan ló rẹ́rìn-ín. Fúnlọ́lá tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀, ó sọ ọ́ sí i létí pé, "Oríkì màmá tó bí Dádì ni. Èṣí ni màmá kú."

Ojú ti Rótìmí débi pé ó fẹ́ bá ejò wọ àpótí. "Ẹ má bínú, sà. Mo ṣì í wò ni. Abo ni. Abo pọ́ńbélé."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni bàbá wí. "Lọ́la ni mò ń gbé e lọ Onírèké."

Fúnlọ́lá gbé Fáńtà fún Rótìmí, ó gbé e sílẹ̀. Ó mọ̀ pé akọ méjì nínú àpótí kan, ìjà ni. Tó bá dákẹ́, ejò á fara gbọgbẹ́, bàbá á mọ̀ pé irọ́ ló pa, ìyàwó lọ nìyẹn. Tó bá sọ ọ́, ó tún ti bú màmá wọn lẹ́ẹ̀kejì. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì.

"Sà, irọ́ ni mo pa. Akọ ni. Tẹ́ ẹ bá kó wọn pọ̀, wọ́n á bá ara wọn jà."

Bàbá wo ejò, wọ́n wo ẹni tó wà nílẹ̀.

"Mi ò lè máa pe ọkùnrin ní Àbẹ̀kẹ́. Màmá mi ò ní gbà. Kí ni oríkì tìẹ?"

"Àjàgbé, sà."

"O ṣeun." Wọ́n ṣí àpótí, wọ́n kọjú sí ejò. "Àjàgbé, wọlé, ọmọ mi."

Bàbá gbà kí wọ́n fẹ́ra. Àmọ́ títí dòní, tí Rótìmí bá jókòó sí pálọ̀ yẹn, bàbá á gbé òkú eku jáde, wọ́n á ní, "Àjàgbé, ó yá, wá jẹun." Rótìmí á ti dìde, á ti ní "Sà," kó tó rí eku.