Ọ̀rọ̀ Orí Àtẹ̀gùn

Olóríkunkun ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn, ṣùgbọ́n tí ojú bá kojú, Àǹtí ni. Àwọn tó láyà díẹ̀ a máa pè é ní Àǹtí Kunkun, òun náà á sì jẹ́ wọn, torí ó mọ̀ pé orúkọ yẹn ò purọ́ mọ́ òun. Tí obìnrin yìí bá ti di nǹkan mú, kẹ́ ẹ tètè wá nǹkan mìíràn ṣe ni o, torí kò ní jù ú sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń kan kọ́bọ́ọ̀dù ló ti ń ṣiṣẹ́. Òun ni olórí àwọn ayàwòrán, àwọn tó ń ya gbogbo nǹkan sílẹ̀ kí àwọn káfíńtà ìsàlẹ̀ tó fi ayùn kan pákó.

Àwọn ayàwòrán kan ń jókòó lókè pẹ̀lú rẹ̀, nínú yàrá gígùn kan tí ìyẹ̀fun pákó máa ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé bá wọn. Ṣùgbọ́n àwọn méjì kì í wá. Ilé wọn ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, ojú kọ̀ǹpútà ni wọ́n sì ti ń ṣèpàdé. Ọ̀kan ni Ìyá Ìkókó, tí ọmọ rẹ̀ ò tíì lè dá jókòó. Ìkejì ni ọkùnrin kan tí wọ́n sọ ní Dákẹ́jẹ́, torí bí ìpàdé gùn bí ọ̀nà ọ̀run, máìkì rẹ̀ kì í ṣí. Bàbá rẹ̀ ló ń tọ́jú. Ìgbàgbé ti gba ọkàn bàbá náà. Tí wọ́n bá fi òun nìkan sílẹ̀ báyìí, á wọ bàtà, á gbé báàgì, á forí lé ibi iṣẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì kúrò níbẹ̀ tipẹ́tipẹ́.

Síńkì ló fa wàhálà. Ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi kan ní kí wọ́n bá àwọn ṣe kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n máa gbé síńkì lé, kí àwọn ọmọ lè máa fọ ọwọ́. Ọ̀gá ilé ìwé náà wá, wọ́n ṣèpàdé, àwọn tó ń ti ilé ṣiṣẹ́ náà wà lójú ẹ̀rọ, wọ́n fẹnu kò sórí bó ṣe máa ga tó, wọ́n sì pa ẹ̀rọ. Wọ́n wá ń sin ọ̀gá ilé ìwé náà lọ sísàlẹ̀. Àárín àtẹ̀gùn ni ìyá yẹn dúró sí, ó ní àwọn ọmọ òun kéré o, kí wọ́n bá òun gbé síńkì yẹn wálẹ̀ díẹ̀ sí i. Gbogbo wọn ní kò sí wàhálà. Àǹtí Kunkun rò pé Aláwàdà, ayàwòrán tó máa ń pa gbogbo wọn lẹ́rìn-ín, máa sọ fún Dákẹ́jẹ́. Aláwàdà rò pé ọ̀gá káfíńtà máa sọ ọ́. Ọ̀gá káfíńtà ní tiẹ̀ rò pé iṣẹ́ àwọn ará òkè nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tí gbogbo wọn gbọ́, kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún Dákẹ́jẹ́ nínú wọn. Dákẹ́jẹ́ tó jókòó sílé rẹ̀ ya ohun tí wọ́n jọ sọ, àwọn káfíńtà gé e, wọ́n kàn án, ó dùn-ún wò. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e lọ, ọmọ kékeré kan na ìka ẹsẹ̀ títí, àgbọ̀n rẹ̀ nìkan ló kan etí síńkì.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Alága tó ni ilé iṣẹ́ ò tilẹ̀ gbọ́ ti ẹnì kankan kó tó dá a ní tiẹ̀. Ó ní àwọn tí kì í wá ló ba iṣẹ́ jẹ́. Ó ní òun ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ ẹni tí wọn ò rí, àti pé tí oṣù bá ti parí, kí àwọn méjèèjì wá jókòó sí ọ́fíìsì bíi ti ẹgbẹ́ wọn, tàbí kí wọ́n kúkú máa jókòó sílé lọ. Àǹtí Kunkun ní ẹ̀bi wọn kọ́, àwọn tó wà lórí àtẹ̀gùn ló jẹ̀bi, òun gan-an wà níbẹ̀. Alága ní, ṣé tí Dákẹ́jẹ́ bá wá síbi iṣẹ́, ṣé òun náà ò ní wà lórí àtẹ̀gùn? Ìyẹn ló dun Àǹtí Kunkun jù, torí òótọ́ wà nínú ẹ̀.

Nígbà tí Dákẹ́jẹ́ gbọ́, ó pe Àǹtí Kunkun. Ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀, ó sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà.

"Àǹtí, ẹ má torí mi bá Alága jà. Mi ò lè wá. Tí mo bá wá, ta ló máa dá Bàbá padà lójú títì?"

Inú Àǹtí Kunkun bàjẹ́ gidigidi. Òun náà lóbìí. Ó ní kó gbọ́ dáadáa, kò ní fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀, òun ti sọ ọ́. Bó ṣe máa rí bẹ́ẹ̀ ni kò tíì mọ̀.

Ó padà lọ bá Alága. Iṣẹ́ ńlá kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lọ́wọ́ apòògùn kan tó fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù: pẹpẹ oògùn láti òkè délẹ̀, káńtà, àti kọ́bọ́ọ̀dù kan tó ní kọ́kọ́rọ́ fún àwọn oògùn tó le. Àǹtí Kunkun ní kí Alága jẹ́ kí òun àti gbogbo àwọn èèyàn òun, tilé tọ́fíìsì, jọ ṣe é. Tí àṣìṣe kankan bá wọ inú ẹ̀, òun gan-an máa sọ fún àwọn méjì yẹn pé kí wọ́n máa lọ. Tí kò bá sí, kí Alága gbẹ́nu kúrò lọ́rọ̀ wọn. Alága rẹ́rìn-ín, ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rín ẹni tó ti mọ ibi tọ́rọ̀ ń lọ ni.

Ohun tí Àǹtí Kunkun kọ́kọ́ ṣe ya gbogbo wọn lẹ́nu. Ó jókòó sílé lọ́jọ́ kejì. Ó gbé kọ̀ǹpútà ka orí tábìlì oúnjẹ, ó ní kí wọ́n máa ṣèpàdé lọ, òun wà níbẹ̀. Kí ló rí? Àjà ilé ni àwọn ará ọ́fíìsì kọ ojú ẹ̀rọ wọn sí. Ó ń gbọ́ pé kí wọ́n gbé "èyí" sí "ibí yìí", ṣùgbọ́n èwo ni èyí, ibo ni ibí? Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, ó béèrè ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín, Aláwàdà ní kò sí nǹkan kan, Àǹtí. Ìpàdé parí, ẹ̀rọ kú, ó sì mọ̀ dájú pé wọ́n ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ níbi tí wọ́n ti ń po tíì. Kó tó di ọ̀sán, ó ti ń bínú bí ọmọ tí wọ́n pín ẹran tí kò kàn án. Ọjọ́ kan péré nìyẹn o. Àwọn méjì yẹn ti wà nínú ẹ̀ láti ọjọ́ yìí, wọn ò yánu.

Nígbà tó padà dé, ó gbé òfin kalẹ̀. Bí èèyàn bá wà lọ́fíìsì, bó wà nílé, kọ̀ǹpútà tiẹ̀ ni kálukú máa jókòó tì, gbohùngbohùn létí. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tí wọn ò bá sọ níbẹ̀, wọn ò tíì sọ ọ́. Ì báà ṣe ìdí kẹ́tùlù, ì báà ṣe orí àtẹ̀gùn, ẹni tó bá gbọ́ nǹkan níbẹ̀, kó kà á sí pé òun ò gbọ́, àfi tí ẹni tó sọ ọ́ bá wá fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ kí gbogbo ilé gbọ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bá ẹlòmíràn gbé ọ̀rọ̀ tiẹ̀. Àtẹnu-dẹ́nu ló gbé síńkì sókè.

Yẹ̀yẹ́ wá bẹ̀rẹ̀. Aláwàdà tó jókòó tì í pẹ́kípẹ́kí ń béèrè bóyá kí òun kọ́kọ́ kọ̀wé gbàyè kóun tó sín. Àwọn ẹ̀rọ ń han síra wọn bí ológbò, etí ń dùn wọ́n. Ọ̀gá káfíńtà ní tòun ò sí níbẹ̀, ẹni tó ń ti pákó sẹ́nu ayùn ò ráyè kọ̀ǹpútà. Àǹtí Kunkun ò bá a jiyàn. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ, ó fi agolo gọ́ọ̀mù gbé fóònù dúró sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, ó sì ń wá tún un gbé dúró láràárọ̀ tí bàbá yẹn bá ti dojú rẹ̀ bolẹ̀, títí tó fi sú bàbá náà. Kò pẹ́ púpọ̀, etí wọn mọ́ ọn. Ìyá Ìkókó bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwàdà padà fún Aláwàdà, tiẹ̀ tún wá ta ju ti Aláwàdà lọ. Máìkì Dákẹ́jẹ́ sì ṣí lọ́jọ́ kan, ó ní "ẹ káàárọ̀ o." Gbogbo wọn ń wo ara wọn.

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gé pákó kọ́bọ́ọ̀dù oníkọ́kọ́rọ́ yẹn ni ìdánwò dé. Dákẹ́jẹ́ ti yà á tán, ó kù kó fi ránṣẹ́ sísàlẹ̀. Àǹtí Kunkun ń sọ̀ kalẹ̀, Alága ń gòkè bọ̀, wọ́n pàdé lórí àtẹ̀gùn. Alága na kọ́kọ́rọ́ mọ́tò sí i, ó ní apòògùn yẹn ti yí ọkàn padà, kò fẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù yẹn lẹ́bàá ilẹ̀kùn mọ́, yàrá inú ló fẹ́ ẹ sí, ibẹ̀ sì fún. Ó ti yí ẹ̀yìn padà kó tó sọ tán, ó fẹ́ máa lọ.

Àǹtí Kunkun lè sáré lọ sọ ọ́ fún Dákẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n tó bá bá a gbé e, òfin ti kú nìyẹn, torí òfin tí kò bá mú ọ̀gá kì í pẹ́ tí kò fi ní mú ẹnikẹ́ni mọ́.

"Alága, ẹ jọ̀ọ́, mi ò gbọ́," ló wí.

Alága tún un sọ, ó gbóhùn sókè.

"Mi ò tíì gbọ́, sà. Ẹni tó yà á wà nílé rẹ̀. A kì í fárí lẹ́yìn olórí. Ẹ wá jókòó, kẹ́ ẹ sọ ọ́ fún un."

Ojú Alága le. Ó bi í bóyá ó mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Àǹtí Kunkun ní òun mọ̀ ọ́n, sà, ìdí tí òun fi ń bẹ̀ wọ́n nìyẹn. Kò kúrò lójú ọ̀nà. Alága pòṣé, ó gòkè, ó fi ìdí ba àga, ó sì sọ ọ́. Dákẹ́jẹ́ ní ó ṣeun, sà, òun ò tíì fi ránṣẹ́, òun máa yí i padà. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, bàbá àgbàlagbà kan yọ lẹ́yìn rẹ̀, ó de bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ dé ọrùn, báàgì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun ń lọ síbi iṣẹ́, òun ti pẹ́. Dákẹ́jẹ́ rọra di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní kó jókòó díẹ̀, Bàbá, mọ́tò ò tíì dé. Alága wò wọ́n. Ó bọ́ gbohùngbohùn sílẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ọjọ́ tí wọ́n to ṣọ́ọ̀bù náà tán, apòògùn ti kọ́kọ́rọ́ bọ kọ́bọ́ọ̀dù nínú yàrá inú, ó ṣí i, ó tún un tì, ó ní ẹ kú iṣẹ́. Kò sí àṣìṣe kankan. Alága padà dé láti ṣọ́ọ̀bù náà, ó sì tún bá Àǹtí Kunkun pàdé níbi kan náà, lórí àtẹ̀gùn.

"Àwọn èèyàn rẹ yẹn, kí wọ́n máa ti ilé wọn ṣiṣẹ́ lọ. Bá mi sọ fún wọn."

Inú Àǹtí Kunkun dùn débi pé ó fẹ́ẹ̀ jókòó sílẹ̀ níbẹ̀.

"Mi ò gbọ́, sà," ló wí.

Alága mi orí, ó pè é ní olóríkunkun lójúkojú, ó sì ń gun àtẹ̀gùn lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó jókòó, ó fi gbohùngbohùn kọ́ etí lódìlódì, ó ní iṣẹ́ apòògùn dáa, kí Ìyá Ìkókó àti Dákẹ́jẹ́ dúró síbi tí wọ́n wà, òun ò ní sọ ọ̀rọ̀ yẹn mọ́. Ìyá Ìkókó ń dúpẹ́, ọmọ ń ké lẹ́yìn rẹ̀. Máìkì Dákẹ́jẹ́ ṣí. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bojú. Bàbá rẹ̀ ló wá tẹ̀ síwájú, tó sún mọ́ ẹ̀rọ, tó ń wo Alága tó ń làágùn.

"Ta nìyẹn?"

"Ọ̀gá mi ni, Bàbá."

"Ó ti rẹ̀ ẹ́. Sọ fún un pé kó máa lọ sílé."

Gbogbo wọn gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn tó wà lókè, ọ̀gá káfíńtà nísàlẹ̀ nídìí agolo gọ́ọ̀mù rẹ̀, àti àwọn tó wà nílé. Alága ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.